Àmì dúdú wà ní gìgísẹ̀ ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ní aró ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláró
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Àwa mẹ́rin ni Màmá bí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo bí ìtọ́jú wọn ṣe rí, ẹ ó rò pé èmi nìkan ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà wà l'Ábújá. Bí mo bá pè é pé ẹsẹ̀ Màmá ń ṣẹ̀jẹ̀, á ní, "Aró ni, ṣé o ò mọ̀ pé aláró ni wọ́n ni?" Ìyàwó rẹ̀ á gba fóònù, á ní owó ni mò ń wá. Owó wo? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ ẹbí olówó gọbọi fún ìnáwó àbúrò Màmá! Ẹ̀gbọ́n mi kejì ní kí n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ alágbo, òun náà kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ta ìpara fún wa, ó ní jẹjẹrẹ kì í mú awọ dúdú. Ìpara náà wọ́n bí ojú, kò sì ṣe nǹkan kan.

Àmì dúdú kan ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ṣé àmì dúdú lè di jẹjẹrẹ lóòótọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ti yé wa, ẹsẹ̀ Màmá ni kò yé wa. Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n? Ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì? Ìgbà wo ló yọ? Ṣé ọgbẹ́ wà lórí rẹ̀? Ṣé wọ́n ní àtọ̀gbẹ?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ fi ìgúnpá yín dán omi náà wò kọ́kọ́, torí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ̀ pé omi gbóná. Ẹ fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Kí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ìta. Iná gílóòbù máa ń pa àwọ̀ dà. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, kí ẹ ya fọ́tò méjì, ọ̀kan tó gbé gbogbo ẹsẹ̀, ọ̀kan tó súnmọ́ ọn, kí iná fóònù má tàn. Ẹ yẹ àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹwọ́ wò pẹ̀lú. Bí làálì bá wà lẹ́sẹ̀, ẹ sọ fún wa, torí ó máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Bàbá Ayétòrò
Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ ara. Oòrùn ló ń fà á, awọ dúdú sì ni agboòrùn tí Ọlọ́run fún wa. Kí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ dúdú bó aró yẹn kúrò.

Ará Láàbù
Bàbá, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Awọ dúdú ń dín èyí tí oòrùn ń fà kù. Ṣùgbọ́n mẹlanómà, èyí tó burú jù nínú jẹjẹrẹ awọ, bó bá máa mú aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń gbà wọlé, níbi tí oòrùn kì í dé. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ló ṣe é léṣe. Ọdún 1977 ni wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́, ó sì kú ní oṣù Karùn-ún 1981, ẹni ọdún 36 péré.

Bàbá Ayétòrò
Òyìnbó ni bàbá Bob Marley.

Ará Láàbù
Ìyẹn kò ní kí oòrùn ráyè dé abẹ́ èékánná rẹ̀, sà.

Ọmọ Aláró
Ẹ ṣeun. Gìgísẹ̀ òsì ni. Ọdún 67 ni wọ́n. Àtọ̀gbẹ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn wọn, èmi ni mo sì ń rà á. Kò sí làálì. Àmọ́ ẹ dákun, ṣé ti aró yẹn kò lè jẹ́ òótọ́ ni? Láti kékeré ni Màmá ti ń rẹ aṣọ, sódà inú aró náà sì máa ń ta sí wọn lẹ́sẹ̀.

Aládìrẹ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Aró wo ló máa yan gìgísẹ̀ kan ṣoṣo? Ọwọ́ ni aró kọ́kọ́ ń mú, gbogbo èékánná lẹ́ẹ̀kan náà, àárín ìka, títí dé ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá gbé e síta, ẹ ó rí i pé ó ń ṣe bí ẹ̀lú, kì í ṣe dúdú tó dà pọ̀ mọ́ pupa. Òkè awọ nìkan ló ń dúró sí. Ẹni tó bá kúrò nídìí ìkòkò aró fún oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ti bó, aró á bá a lọ. Ti èékánná, ẹ họ ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́: aró á họ kúrò, dúdú tó wá láti abẹ́ kò ní họ. Sódà ní tirẹ̀, ọjọ́ tó bá ta síni lára gan-an ló ń jóni. Kì í dúró di ọ̀pọ̀ oṣù kó tó wá máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dókítà Awọ
Aládìrẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi. Àmì ara tó bá wà níbòmíràn, ohun márùn-ún là ń wò: bóyá ìdajì rẹ̀ bá ìdajì kejì mu, bóyá bèbè rẹ̀ rí jágajàga, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bóyá ó fẹ̀ ju mìlímítà 6 (ìdí rọ́bà pẹ́ńsù nìyẹn), àti bóyá ó ń yí padà. Èyí tó gbẹ̀yìn ló lágbára jù. Àmì tó ti wà láti kékeré tí kò yí padà kì í sábà ṣe nǹkan kan.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Níbẹ̀, ẹ má dúró de mìlímítà 6. Nǹkan tó ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ìdánilójú sọ ohun tó jẹ́, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń fẹ̀ sí i láìka ìtọ́jú sí, tàbí tí kò jinná lẹ́yìn oṣù méjì: bí méjì péré nínú wọn bá pé, ó di ti dókítà awọ. Awò tí a fi ń wò ó máa ń jẹ́ ká rí ìlà ẹsẹ̀ dáadáa. Bí dúdú náà bá wà nínú kòtò ìlà, ọkàn wa á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá wà lórí òkè ìlà, a ó gé níbẹ̀ lọ sí láàbù.

Nítorí àtọ̀gbẹ: ọgbẹ́ alátọ̀gbẹ sábà máa ń wà níbi tí ìwúwo ara ti ń tẹ ilẹ̀, awọ tó yi máa ń yí i ká, ó sì máa ń fẹ́ jinná bí wọn kò bá tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí dúdú bá ṣàn kọjá bèbè ọgbẹ́ náà wọ inú awọ tí kò lọ́gbẹ́, ẹ fura. Ẹ má sì rò pé dúdú ni gbogbo mẹlanómà. Òmíràn máa ń pupa bí ẹran tútù, gbogbo èèyàn á máa pè é ní ọgbẹ́, wọ́n á sì máa fi oyin dì í.

Ìyá Ìbejì
Ìlà dúdú èékánná ńkọ́? Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Dókítà Awọ
Ẹ fọkàn balẹ̀ bó bá wà ní èékánná púpọ̀, tí gbogbo wọn tín-ín-rín, tí wọn kò yí padà. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló ní i. Èyí tí à ń lé ni ìlà kan ṣoṣo ní èékánná kan, pàápàá àtàǹpàkò, tó fẹ̀ ju mìlímítà 3, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju orí lọ, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ṣàn wọ awọ tó yí èékánná ká. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nítorí ìfarapa máa ń bá èékánná dàgbà síwájú, ibi tó mọ́ á sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ti ọwọ́ ń rìn tó mìlímítà 3 lóṣù. Ti ẹsẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀ nígbà míì, nítorí náà àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè gba ọdún kan àbọ̀ kó tó pààrọ̀ tán. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sórí fọ́tò níbi tí ẹ̀jẹ̀ náà dé, kí ẹ tún wò ó lóṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá rìn, ó lè má jẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Alágbàwí Àfín
Ẹ má gbàgbé àwọn àfín nínú ọ̀rọ̀ yìí o, tiwọn yàtọ̀. Oòrùn ni ọ̀tá tiwọn ní tòótọ́. Ojú, ètè, òkè etí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò lóṣooṣù. Egbò tó ń pa dé tó tún ń ṣí, tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n gbé e lọ. Fìlà wọn gbọ́dọ̀ ní etí tó yí orí ká. Fìlà tó bo iwájú orí nìkan kò bo etí.

Ọ̀gá Àgbo
Gbogbo èyí, ariwo ni. Bí abẹ bá kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa ń tàn. Omi bátìrì díẹ̀ lórí rẹ̀, ó tán.

Ará Láàbù
Ẹ má dá a láṣà! Omi bátìrì á jó òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ojú egbò á sì pa dé. Bí mẹlanómà ṣe jìn wọ awọ tó ni à ń fi mìlímítà wọ̀n láti mọ bí àrùn ṣe dé. Bí ẹ bá jó òkè, ẹ ti ba ìwọ̀n náà jẹ́. Ti abẹ tó ń tàn án káàkiri yẹn, ẹran kékeré tí dókítà ń gé kì í tàn án. Ọ̀pọ̀ ló ti tàn kí wọ́n tó gbé e délé ìwòsàn, wọ́n á wá di ẹ̀bi ru abẹ.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà
Ọmọ Aláró, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè mi. Ìgbà wo ló yọ? Ta ló ti fọwọ́ kàn án?

Ọmọ Aláró
Kí ẹ má bàa máa bú mi ni mi ò ṣe sọ. Gbogbo èèyàn ló pè é ní kọ́ọ̀nù, awọ ẹsẹ̀ tó yi tó sì le. Kí Iléyá èṣí tó dé ló yọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gé kọ́ọ̀nù kiri gé e fún wọn, ó ju èyí tó gé sí gọ́tà. Ó tún hù padà, ó sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n wá di ọwọ́ Màmá mú ni? Owó wọn ni wọ́n fi gé e. Kókó kan tún wà ní abẹ́ itan òsì, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Kò dùn wọ́n rárá, ìyẹn ni mi ò ṣe kà á sí. Alágbo ní ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló fà á, òrí ni a fi ń wọ́ ọ.

Dókítà Awọ
Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ má wọ́ kókó yẹn mọ́, láti òní lọ. Kókó tí ọgbẹ́ ń fà máa ń dunni, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ọgbẹ́ bá ń jinná. Èyí tí kò dunni tí kò sì lọ ni a kì í fi ṣeré. Ó ṣì lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n láàbù ló máa sọ, kì í ṣe èmi lórí fóònù.

Ẹ má dúró ya fọ́tò kankan mọ́. Ọ̀la ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN l'Óṣogbo, tí gbogbo wa ń pè ní LAUTECH tẹ́lẹ̀. Ẹ má sọ pé "ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n", àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí ìlà. Ohun tí ẹ ó sọ ni pé: àmì dúdú gìgísẹ̀ tí wọ́n gé tó tún padà hù, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, kókó sì wà ní abẹ́ itan ẹ̀gbẹ́ kan náà. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n á sì gé ẹran láti gìgísẹ̀.

Ará Láàbù
Bí wọ́n bá ní kí ẹ fúnra yín gbé ẹran náà lọ sí láàbù, inú fọ́málíìn (omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà) ìdá 10 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ wà, kí fọ́málíìn náà pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Kò gbọdọ̀ jẹ́ omi lásán, kò gbọdọ̀ jẹ́ sípírítì. Ike ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ wá, torí ẹran máa ń le nínú fọ́málíìn, kò ní jáde lẹ́nu ìgò tóóró. Orúkọ, ọjọ́ orí, "gìgísẹ̀ òsì" àti ọjọ́ tí wọ́n gé e gbọ́dọ̀ wà lára ike, kì í ṣe lórí ìdérí, nítorí ìdérí máa ń pààrọ̀. Bí èsì bá jáde, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wà, ìyẹn ìda tí láàbù di ẹran náà sí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, òun ni wọ́n á béèrè.

Bàbá Ayétòrò
Mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ ka ohun tí Dókítà kọ yìí sí ẹ̀gbọ́n Àbújá yẹn létí. Bó bá ní aró ni, kó wá bó o fúnra rẹ̀.

Ọmọ Aláró
Mo ti fi ránṣẹ́ sí i, ó ti kà á, kò fèsì. Màmá ti gbà láti lọ. Ṣé kí wọ́n má jẹun láàárọ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà
Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì lo oògùn àtọ̀gbẹ wọn. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú nìkan ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú gígé kékeré bẹ́ẹ̀, ebi lè mú kí ṣúgà wọn já wálẹ̀ lórí ìlà. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání nínú páálí rẹ̀. Bí asipirín bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gé nǹkan kan. Kí wọ́n wọ bàtà tó ṣí lẹ́yìn, kí ẹ má sì fi ìpara kankan pa á kí dókítà tó rí i.