Tapólì lórí àpáta Kàbà: èèkàn irin kò wọlẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará. Oṣù kẹsàn-án la fẹ́ sùn lókè. Tapólì mítà 3 sí 3 la fẹ́ gbé dípò tẹ́ǹtì, kẹ́rù lè fúyẹ́. Báwo la ṣe máa so ó?

Èsì 1: So okùn mọ́ àárín igi tó gùn tó apá, tẹ́ igi sílẹ̀, kó òkúta ńlá lé e. Má so okùn mọ́ òkúta fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń mì ín, etí òkúta á gé e.

Èsì 2: Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń sùn ní góńgó òkè lásìkò àrá? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ yàgò fún ojú àgbàrá. Ẹ̀gbẹ́ tapólì tó kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ fà kanlẹ̀.

Oníbèérè: Ẹ ṣé gan-an. Ẹsẹ̀ òkè náà ni.