Èsì: "Ìdádúró àlejò" kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú làákàyè, ẹ kú àjọsọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìwé fún àwọn oníṣòwò ló béèrè ohun tí a lè pe "engagement" lórí ìkànnì ilé ìtajà. Ó ní wọ́n fẹ́ kí àlejò tó wọlé má kàn jáde, kó wò kiri, kó béèrè nǹkan, kó rà bó bá ṣe é ṣe. Ọ̀gá wa kan fún un ní "ìdádúró àlejò". Ìyá wa tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn ní "ìfàmọ́ra" ló dùn létí jù. Ẹlòmíì gbé "ìtapadà" kalẹ̀ fún "bounce", ìyẹn nígbà tí àlejò bá dé tó sì lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ìdádúró ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ọ̀gá bá dá èèyàn dúró, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lójú títì, gbogbo wa la mọ ohun tó kàn. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni pé "bí ẹ ṣe lè dá oníbàárà yín dúró", alásọ tó bá kà á á rò pé ẹ ní kó lé kọ́sítọ́mà ni. Ìfàmọ́ra sàn ju ìyẹn lọ, kí ìyá wa má bínú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló mọ. Ìpolówó ló ń fa èèyàn mọ́ra. Ohun tí à ń wá orúkọ fún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ àlejò ti kọjá ìloro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tèmi he. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. A ṣe ìkànnì fún un, ó dára lójú, èèyàn sì ń wọ ibẹ̀ láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ọjà ò tà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan mo lọ jókòó tì í ní ìsọ̀, mo mú bírò, mo ń kọ ohun tó ń sọ fún àwọn tó ń kọjá.

Kò sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wí ni: "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ fọwọ́ kàn án, kì í jẹni." Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ó fa àpótí fún wọn, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó wá ní èyí tí wọ́n dì mú yẹn, ẹlẹ́kọ ni, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ láfún sí i kó tó wọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró ò ràn. Èyí tó wà lókè yẹn, oníko ni, dídì ni wọ́n dì í. "Ẹ fara balẹ̀ wò ó." Mo ka gbólóhùn yẹn, ó wí i nígbà mọ́kànlá kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó bá rí i pé ojú ti wọ aṣọ, ó á ní, "Èló lẹ máa san?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àṣírí. Ẹni tó bá ti dá iye lé ọjà ti di ọmọ inú ọ̀rọ̀, kò lè kàn dìde lọ láìwí nǹkan. Mo padà sórí ìkànnì tí a ṣe, mo wò ó. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ń sọ nípa ara wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tó yẹ kí iye owó wà, "ẹ kàn sí wa" la kọ. Àwọn baba wa tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò mọ̀ pé ìkànnì tiwa náà ń bọ̀ wá jẹ́ orúkọ yẹn. Àwòrán rẹ̀ sì wúwo! Google ní kí ohun tó tóbi jù lójú-ewé ti hàn kí ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 tó pé. Tiwa, lórí fóònù mi ní Kútọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gúgúrú tán. Wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀: àlejò fúnra rẹ̀ ló ń san án, torí dátà rẹ̀ ni àwòrán wa ń jẹ.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjì. Ẹ̀gbọ́n mi fa àpótí: iṣẹ́ onílé nìyẹn. Obìnrin yẹn jókòó, ó ń tú aṣọ wò: iṣẹ́ àlejò nìyẹn. Yorùbá kì í da olùṣe méjì yìí pọ̀, kò sì yẹ ká torí ìtumọ̀ dà wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ti onílé ní *ìgbàlejò*, ká pe ti àlejò ní *ìfarabalẹ̀*. Bí ìgbàlejò bá dáa, ìfarabalẹ̀ á tẹ̀ lé e. Àbúrò wa lè wá kọ gbólóhùn rẹ̀ láìṣẹ́ apá èdè: "Bí ẹ ṣe lè gba àlejò lórí ìkànnì yín kó sì fara balẹ̀."

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ìfarabalẹ̀ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, sùúrù àti ìrọra ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo kó tó di pé a ń dìbò yan gómìnà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi méjèèjì gbọ́ lónìí. Ẹlòmíì á bi mí pé kí ló wà nínú Èdè-Ìperí, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ ọjà, ọjà la ó ti rà á.

Ó ku "bounce". Bọ́ọ̀lù ló ń ta padà, torí ó kan ògiri. Àlejò kò kan ògiri kankan, ó kàn yọjú ni, kò rí ohun tó wù ú, ó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. *Ìyọjú* ni mo pè é. Ìdí mìíràn tún wà. Google Analytics ni ọ̀pọ̀ oníkànnì fi ń ka àlejò. Nínú ìkà ti àtijọ́, ẹni tó bá ṣí ojú-ewé kan péré tí kò sì tẹ ohun mìíràn, "bounce" ni, ì báà fi ogún ìṣẹ́jú kà á tinútinú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2023 ni Google dá ìkà yẹn dúró (ẹ rí iṣẹ́ tí "dá dúró" ń ṣe?), tí GA4, ìyẹn Google Analytics tuntun, sì gba ipò rẹ̀. Ní báyìí, àlejò ti fara balẹ̀ bó bá lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ, tàbí bó bá ṣí ojú-ewé méjì, tàbí bó bá ṣe ohun pàtàkì tí onílé ti sàmì sí, bíi kó ra ọjà. Ẹni tí kò ṣe ìkankan nínú wọn ló yọjú. Gẹ̀ẹ́sì yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà, tiwa kò ní láti yẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10! Ní Ìtòkú, a ò tíì kíra tán.

"Session" náà, ìyẹn àkókò tí àlejò fi wà lórí ìkànnì lẹ́ẹ̀kan, *ìjókòó* ti tó o. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá tí àlejò ò ṣe nǹkan kan, ìjókòó ti tú, bó bá tún padà wá, òmíràn ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì pe gbogbo ẹni tó bá wọlé ní oníbàárà. Ẹni tó ti mọ ìsọ̀ wa tó ń padà wá ni oníbàárà, àwọn yòókù, àlejò ni wọ́n. "Olùbẹ̀wò" tí ẹnìkan dá lábàá ń dẹ́rù bà mí, ó ń rán mi létí wolé-wolé.

Èyí tó kù tí ọwọ́ mi ò tíì bà dáadáa ni "pop-up", fèrèsé tó máa ń fò jáde bo ohun tí èèyàn ń kà, tó ń tọrọ ímeèlì lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì rí ọjà. *Ayọjúràn* ni mò ń pè é ní tèmi. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi báyìí lórí fóònù, pé ayọjúràn kan wà lórí ìkànnì rẹ̀. Ó ní ta ni, kí n lé e jáde kíá. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju ìyẹn lọ, ẹ mú un wá.