Mo fẹ́ kúrò lórí Windows 10 bọ́ sí Linux Mint (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó lè rọ́pò Windows): ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Onítẹ̀wé Agbowó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. HP ni lápútọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù: Core i5 ìran kẹta, RAM 4GB, háàdì dísìkì 500GB tí wọ́n pín sí C àti D. Àtìlẹ́yìn Windows 10 ti parí ní 14 October 2025, Windows 11 ò sì gba ẹ̀rọ náà. Project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, káàdì ìpè lórí CorelDRAW àti Yorùbá tó ní àmì ni iṣẹ́ ibẹ̀. Fáìlì àwọn oníbàárà wà lórí D. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí nǹkan ò fi ní bàjẹ́?

Ará Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ọjà o. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lórí D sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí mẹ́ta-mẹ́rin wò níbẹ̀. Orí háàdì dísìkì kan náà ni C àti D wà. Bí ẹ bá mú "Erase disk" nígbà tí ẹ ń fi Mint sórí ẹ̀rọ, méjèèjì ló máa lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sunkún.

Fláàṣì 8GB tó. Ẹ wa Mint Xfce, ẹ̀yà tó fúyẹ́, wálẹ̀, kì í ṣe Cinnamon tó wúwo jù ú lọ, nítorí RAM yín kéré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, ẹ lo dátà òru. Rufus, ètò kan lórí Windows, ni kí ẹ fi kọ ọ́ sórí fláàṣì. Bí ẹ bá kàn dà á síbẹ̀ bí ẹni da orin, kò ní gbéra. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ Esc léraléra, kí ẹ wá tẹ F9, kí ẹ mú fláàṣì. Mint á ṣí láìfọwọ́ kan dísìkì. Ẹ dán ìró, Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Bí Wi-Fi ò bá yọjú, káàdì Wi-Fi Broadcom ló sábà máa ń jẹ́: ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering kí fóònù fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí Driver Manager láti fi dráífà (ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́) sí i.

Ọmọ Bódìjà: Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà kan fini lọ́kàn balẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ ra SSD SATA 240GB (dísìkì tó yára ju háàdì dísìkì lọ), ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ dísìkì àtijọ́, kí ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà, kódà bí ẹ bá tẹ "Erase disk", D yín wà nínú dúrọ́ọ̀. SSD yẹn gan-an ló máa mú ẹ̀rọ yára, ju Mint fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ra kéèsì USB tí ẹ ó máa fi ka dísìkì àtijọ́.

Kí ẹ tó yọ dísìkì àtijọ́, ẹ di Shift mú bí ẹ bá ń tẹ Shut down nínú Windows. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Windows ò kú tán, ńṣe ló sùn. Mint sì lè máa ka D láìjẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sí i.

Onítẹ̀wé Agbowó: Ẹ ṣeun gan-an. CorelDRAW àti project ńkọ́?

Atúnṣe Dùgbẹ̀: CorelDRAW ò ní ti Linux. Inkscape, ètò àwòrán tó wà lórí Linux, ń ṣí CDR (fáìlì CorelDRAW), ṣùgbọ́n lẹ́tà àti àwọ̀ lè yẹ̀. Ẹ má ju dísìkì Windows nù títí àwọn káàdì àtijọ́ á fi tán.

LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Microsoft Office lórí Mint, ń ṣí docx (fáìlì Word). Fọ́ńtì ló ń ti ojú ìwé síwá sẹ́yìn, tí tábìlì á fi fò lọ sí ojú ewé kejì. Ẹ ṣí Terminal (fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ), kí ẹ kọ:

sudo apt install ttf-mscorefonts-installer fonts-crosextra-carlito

Àkọ́kọ́ ló ní Times New Roman; èkejì ló ń dípò Calibri, lẹ́tà wọn gba àyè kan náà. Ojú àdéhùn kan á yọ, máọ́sì ò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: ẹ tẹ Tab kó dé orí Ok, kí ẹ tẹ Enter. PDF ni kí ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn.

Ti Yorùbá, ẹ yan Compose key (bọ́tìnnì tí ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ láti pa àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà) nínú Keyboard. Compose, !, e á bí ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti ṣ. Fún ẹ́, lẹ́yìn ẹ, ẹ kọ U+0301 nínú LibreOffice, kí ẹ tẹ Alt àti X.

Ọmọ Bódìjà: Bí ẹ bá dá dísìkì Windows padà sínú ẹ̀rọ, aago rẹ̀ á fi wákàtí kan rẹ̀yìn, torí UTC (aago àgbáyé, tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn ti Nàìjíríà) ni Mint ń kọ sínú ẹ̀rọ. Lórí Mint, ẹ kọ èyí nínú Terminal kó lè máa kọ aago Nàìjíríà: sudo timedatectl set-local-rtc 1