Àbọ̀: RV (ọkọ̀ tí a ń gbé inú rẹ̀ bí ilé) àtijọ́ tí AC rẹ̀ kò mú yàrá tutù ní Texas

Ẹ kú àdúrótì. Ìbéèrè mi ni pé AC orí òrùlé, tí agbára ìmútutù rẹ̀ jẹ́ 13,500 BTU, ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, síbẹ̀ inú ọkọ̀ ń gbóná. Gáàsì kọ́ ló tán o.

Ìgànná kékeré inú àjà ló ṣí, èyí tó pààlà sáàárín ibi tí AC ti ń fa afẹ́fẹ́ àti ibi tó ti ń tú u jáde. Téèpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ tútù wá ń ṣẹ́rí padà sínú AC láì dé yàrá. Ẹ pa iná, ẹ tú ìdérí abẹ́ rẹ̀, ẹ nu eruku ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi téèpù fọ́ìlì dí gbogbo àlàfo. Téèpù aláṣọ á tún re ni. Ẹ yẹ bóòtù mẹ́rin tó di AC mú wò: ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí fóòmù abẹ́ rẹ̀ á fi fún dé ìdajì. Bí ẹ bá fún un jù, fóòmù á kú, òjò á máa jò wọlé.

Wáyà iná tẹ́ẹ́rẹ́ kò yẹ AC rárá. Èyí tó nípọn, 10 gauge (òǹkà ìnípọn wáyà), ni kẹ́ ẹ rà. Bí fóltéèjì bá já wálẹ̀ sí abẹ́ 105, ẹ pa AC kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú rẹ̀, má bàa jó.

Ìta ni kí ẹ ti bo gíláàsì iwájú, torí ooru tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn.

Ẹ fi tẹmómítà wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ AC àti èyí tó ń jáde. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó bíi 20°F, AC yín kò lẹ́bi, oòrùn lẹ máa bá jà. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé. Ẹ ṣé o.