Ta ni ó yẹ kí ó san owó tí a fi yọ ènìyàn nínú ewu ojú òkun?

Ará Gwarinpa:
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Gwarinpa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, pàápàá nítorí pé àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń kó ẹrù lọ bá àwọn tó ń wa epo rọ̀bì lójú agbami. Alàgbà kan ní bí ọkọ̀ ogun àti bàálù bá jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó lọ díje lójú òkun, kò bójú mu kí owó orí ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Nyanya gbọ́ irú bùkátà bẹ́ẹ̀. Ó fi Tony Bullimore ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀ dojú dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1997, tí ọkọ̀ ogun Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní HMAS Adelaide rìnrìn àjò jíjìn lọ yọ, tí ìjọba ibẹ̀ sì gbé owó náà rù. Mo fẹ́ gbà pẹ̀lú Alàgbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni èrò yín?

Atukọ̀ Lugbe:
Mo lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kí n tó fẹ̀yìn tì sí Lugbe níhìn-ín, n kò sì lè gba ti Alàgbà. Òfin òkun ya ẹ̀mí sọ́tọ̀ kúrò lára dúkìá. Àdéhùn SOLAS ti ọdún 1974, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, pa á láṣẹ fún ọ̀gá ọkọ̀ tó bá gbọ́ pé àwọn kan wà nínú ewu pé kí ó yára lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, àdéhùn ọdún 1979 lórí ìwákiri àti ìgbàlà sì ní a kò gbọdọ̀ wo orílẹ̀-èdè tàbí ipò ẹni náà. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ tàbí ẹrù là lè béèrè owó ọ̀yà lábẹ́ àdéhùn ọdún 1989, ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà ni kò jẹ́ kí a gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ìdí rẹ̀ yé mi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì wa kú, tí ọ̀gá wa kò fẹ́ pe ọkọ̀ tí yóò fà wá, nítorí pé ẹni tó ni ọkọ̀ yóò bínú sí iye tí yóò ná an. A dúró fún wákàtí márùn-ún, ìgbì sì ń ga sí i. Nígbà tí ó fi máa ké gbàjarè, òkùnkùn ti ṣú, ohun tí ìbá jẹ́ fífà lásán sì ti di yíyọ ènìyàn mẹ́sàn-án nínú ìjì. Owó tí a sá fún di ìlọ́po. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọn yóò gbé ìwé owó lé òun lọ́wọ́, ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ ṣe kí ó tó pariwo.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná:
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo sì mọ ìṣirò tí Bàbá Atukọ̀ ń sọ yìí. Òun ló mú kí òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà pọn dandan: ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba onítọ̀hún wọlé, ó ní owó àsansílẹ̀ o, kò ní o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ RNLI, tó ń yọ ènìyàn nínú ewu ojú òkun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1824, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó yọ. Ọrẹ àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní New Bussa:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń ná owó tí ẹnikẹ́ni kò kà. Etí adágún Kainji ni mo ń gbé. Bí ọkọ̀ bá dà níhìn-ín, apẹja ló máa ń kọ́kọ́ dé; yóò fi àwọ̀n sílẹ̀, yóò jó epo tirẹ̀, ẹja ọjọ́ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò rí ẹni tó san án padà fún un rí, ó sì ń dùn mí. Ní agbègbè Patigi, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ènìyàn tó lé ní 100 ló kú nígbà tí ọkọ̀ tó kó èrò àpọ̀jù bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dà lóru. Kí ìjọba san owó epo fún àwọn tó ń yọ ènìyàn, kí ó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó kó èrò àpọ̀jù kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté.

Ará Gwarinpa:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kúrò lẹ́yìn Alàgbà, àfi lórí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún pé ìjì ń bọ̀ tó sì lọ: kí wọ́n yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà kí ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e. Kí ni kí n sọ fún àbúrò mi?

Atukọ̀ Lugbe:
Ìyẹn tọ́ lójú mi. Ní ti àbúrò yín, ẹ béèrè nípa ẹ̀rọ kékeré tí í ránṣẹ́ ewu sí àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, èyí tó ti ń gba ẹ̀mí là láti ọdún 1982. Àjọ NEMA, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá wa níhìn-ín, ló ń gba irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà, wọn kì í sì í gba owó lórí rẹ̀. Kí ó wádìí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ bóyá wọ́n ti forúkọ ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn sílẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wo ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ yóò kú.