Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ìjọba ní Kétu, ilẹ̀ Benin: ajílẹ̀ NPK ti dé ọwọ́ mi, ó ku ajílẹ̀ yúríà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè nígbà náà pé kí ni kí n ṣe, nítorí wọn ò rí orúkọ mi nínú ìwé àwọn tó máa ra ajílẹ̀ tí ìjọba fowó kún.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ ni ti ẹni tó ní kí wọ́n fi NPI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí CIP, ìwé ìdánimọ̀ mi, wá mi, kí wọ́n má fi orúkọ wá mi mọ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́, orúkọ bàbá mi ló sì ṣáájú, akọ̀wé ń wá a níbi tí kò sí. Kíá ló rí i.

Ìwé tí mo gbà lọ́wọ́ olórí abúlé ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ó jẹ́rìí pé mo ní oko lóòótọ́, àmọ́ ìwé yẹn nìkan kò lè mú àpò kan jáde. Mi ò dán ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n lọ rà á ní Ìlara wò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dì sínú àpò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń retí owó lórí fóònù, ẹ má retí mọ́. Orí iye tí wọ́n ń ta àpò 50 kílò ni ìrànwọ́ náà wà, ẹ ṣì máa mú owó tiyín lọ.

Yúríà kò tíì dé. Òun gan-an ni àgbàdo nílò kó tó yọmọ, nítorí náà mo máa ra díẹ̀ lọ́jà ní iye ọjà. Ẹ ṣeun.