Ọ̀kadà 125 lórí mọ́tòwè, ta ló ti gùn ún rí?

Tuntun Nílùú: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe CBT tán ni, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kadà gígùn ní UK níbí, mo wá ra ọ̀kadà 125cc àlòkù kan, mo ní kí n sinmi bọ́ọ̀sì. Google ní tí mo bá gba mọ́tòwè, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ti ń sáré gan-an yẹn, ogún mínítì ni mo máa fi dé ibiṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀yìn tó ogójì mínítì. Ṣé ẹ́ńjìnnì kékeré yìí máa lè gbé mi débẹ̀ láìdákú?

Baba Ìbejì: Àbúrò, dúró ná. Àmì L tàwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ọ̀kadà ẹ, àbí? Mọ́tòwè ò sí fún ẹ nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá. CBT yẹn kì í ṣe láìsẹ́ǹsì, ìyọ̀ǹda ọdún méjì ni kó o fi máa kọ́ṣẹ́. Ìgbà tó o bá yege ìdánwò A1, ti láìsẹ́ǹsì ọ̀kadà kékeré, lo tó lè gbé 125 wọ̀ ọ́, torí èyí tí ò tó 50cc nìkan lòfin UK lé kúrò níbẹ̀ pátápátá. Àmọ́ ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an ni (M) tí wọ́n máa ń kọ mọ́ orúkọ ọ̀nà. O máa rí A1(M), o máa rò pé ọ̀nà A lásán ni, mọ́tòwè ni o! Wo àwọ̀ bọ́ọ̀dù: búlúù ni ti mọ́tòwè, àwọ̀ ewé ni ti ọ̀nà A ńlá. O lè gba aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n wọ́n ń sá 70 máìlì ní wákàtí kan níbẹ̀ náà o. Lọ sínú Google Maps, sọ fún un pé kó yẹra fún mọ́tòwè.

Tuntun Nílùú: Háà, ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ti yọ mí. Tí mo bá wá gba láìsẹ́ǹsì A1 ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, eré ni wọ́n ń wò, ọkọ̀ tí ìwé ẹ̀ ò bá ju 60 km ní wákàtí kan lọ ò gbọdọ̀ wọ Autobahn, mọ́tòwè tiwa, torí náà 125 ń wọ̀ ọ́. Ní Japan wọn ò tiẹ̀ gbà á rárá. Ṣùgbọ́n pé òfin gbà ẹ́, kò ní kí ẹ́ńjìnnì gbà fún ẹ. Mo gùn ún fọ́dún méjì. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ó ń sá 100, tí atẹ́gùn bá kọjú sí mi ó di 85, tí mo bá tún wá bá òkè pàdé, hẹn, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni. Atẹ́gùn ló ń jẹ agbára yẹn, tó o bá sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tó máa fi ja atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́jọ. 80 ni òfin fún trélà níbí, torí náà ẹ̀yìn wọn ni mò ń wà. Má sún mọ́ ọn o! Ó máa ń dùn torí atẹ́gùn ò ní kàn ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n dírẹ́bà ò rí ẹ nínú díńgí, ìwọ náà ò sì rí kòtò tó ń bọ̀. Tó o bá ń sá 80, fi 40 mítà sílẹ̀. Tí trélà bá ń kọjá lára ẹ, fi orúnkún di tánkì mú, kó o tú ọwọ́ ká, má bá a jà.

Baba Ìbejì: Kó o sì wà láàárín léènì, má lọ rọ̀ mọ́ ìlà etí títì, wọ́n á rò pé àyè wà láti fún ara wọn wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.

Àǹtí Mẹkáníìkì: Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò mẹ́nu ba ọ́ìlì! 125 tí wọ́n yí iná ẹ̀ dé òpin fún wákàtí kan, nǹkan bíi lítà kan ọ́ìlì péré ló wà níkùn ẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tó o bá ra epo, gbé ọ̀kadà dúró ṣánṣán kó o yẹ̀ ẹ́ wò. Má yí iná dé òpin, dá díẹ̀ padà. Àwọn kan á ní kó o fi eyín kan kún spirọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, eléyín tó ń fa ṣéènì, kí ẹ́ńjìnnì má baà pariwo, mo ṣe é rí, gíà tó kẹ́yìn ò wúlò mọ́ lórí òkè, mo yọ ọ́ dànù. Kó o tó jáde nílé ni kó o wọn atẹ́gùn táyà, nígbà tó ṣì tutù. Lẹ́tà kan wà lára táyà tó ń sọ eré tó lè gbà ní wákàtí kan, J ni 100 km, L ni 120, P ni 150.

Tuntun Nílùú: Àǹtí, mo ti lọ wò ó, P ni. Nọ́ḿbà kan tún wà nínú róbótó kékeré, 3814. Kí nìyẹn?

Àǹtí Mẹkáníìkì: Ọ̀sẹ̀ 38, ọdún 2014. Ìgbà tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Gba bọ́ọ̀sì lọ síbiṣẹ́ lọ́la jàre, kó o lọ ra táyà.